Ẹyọ kan péré nínú 146: báwo ni ìlẹ̀mọ́ra kékeré láàárín pùrótéìnì ṣe ń di àìsàn, báwo ló sì ṣe ń di okùn tó yi?

Olùkọ́ Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń kọ́ ní kẹ́místírì bi mí ní ìbéèrè kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdáhùn tí mo fún un kò sì tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. A ń sọ̀rọ̀ lórí hẹ̀mọ́gúlóbìn, ìyẹn pùrótéìnì tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa, mo sì ṣàlàyé pé ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló para pọ̀ di mólékù rẹ̀ kan: ẹ̀wọ̀n alífà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ásíìdì àmínò 141, àti ẹ̀wọ̀n bẹ́tà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 146. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn ni àwọn ásíìdì àmínò wọ̀nyí rí. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí a ń pe àìsàn rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà lórí ẹ̀wọ̀n bẹ́tà nìkan ló yàtọ̀: valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹyọ kan péré nínú 146, kí ló dé tí ara ènìyàn fi ń dàrú tó bẹ́ẹ̀?"

Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi iná mànàmáná fa hẹ̀mọ́gúlóbìn ẹni tí ara rẹ̀ le àti ti aláìsàn, wọ́n sì rí i pé ìrìn àwọn méjèèjì kò dọ́gba, èyí tó fi hàn pé inú mólékù náà gan-an ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram ní Cambridge gé pùrótéìnì náà sí wẹ́wẹ́, ó sì rí ègé kan ṣoṣo tó yàtọ̀. Glutamic acid ní iná nẹ́gẹ́tíìfù lára, ó sì fẹ́ràn omi. Valine kò ní iná kankan lára, ó sì máa ń sá fún omi, bí epo ṣe ń sá fún un. Nígbà tí hẹ̀mọ́gúlóbìn bá ti tú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, ihò kékeré kan máa ń ṣí lára mólékù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ásíìdì àmínò tí kò fẹ́ omi náà ló sì yí ihò yìí ká. Valine á wọ inú rẹ̀, mólékù méjì á lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé wọn, títí wọn yóò fi di okùn gígùn tó na sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa bí dòjé.

Àmọ́ ìlẹ̀mọ́ra yìí kò lágbára rárá bí a bá wò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí átọ̀mù kan tó fi ara rẹ̀ so pọ̀ mọ́ òmíràn bí ó ti rí nínú iyọ̀ tàbí nínú ṣúgà. Báwo ni ohun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe wá ń ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀? Ṣé a sì lè rí irú rẹ̀ nínú àwọn ohun èlò tí ènìyàn ń lò? Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ bá mi dá sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 12:05 ọ̀sán)

Olùkọ́, ẹ kú ìrònú. Mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọ SS fún ọdún mọ́kàndínlógún, ìbéèrè tèmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Àbùdá ọmọ kì í yí padà láti oṣù kan sí èkejì, valine yẹn wà níbẹ̀ ní ojoojúmọ́. Kí ló dé tí ọmọ fi lè wà ní àlàáfíà fún oṣù mẹ́rin, tí ibà kan ṣoṣo tàbí òru ọyẹ́ kan á wá dá a wó, tí ìrora eegun á mú un títí a ó fi dá a dúró sí ọsibítù? Bí ìlẹ̀mọ́ra náà bá jẹ́ ti ìgbà gbogbo, ó yẹ kí ìrora náà jẹ́ ti ìgbà gbogbo.

Àwọn bàbá wa kíyè sí wíwá-lílọ yìí tipẹ́tipẹ́, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ́místírì lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ ti fi ọwọ́ kan ibi tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ìrísí pùrótéìnì ni iṣẹ́ mi dá lé, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Okùn tí Olùkọ́ ń sọ kì í hù lójú ẹsẹ̀. Àsìkò ìdúró kan máa ń wà láàárín ìgbà tí hẹ̀mọ́gúlóbìn tú ọ́síjìn sílẹ̀ àti ìgbà tí okùn náà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mólékù díẹ̀ tó kọ́kọ́ kóra jọ kì í dúró pẹ́, wọn a tún tú ká. Ìgbà tí iye wọn bá tó ìwọ̀n kan ni àpapọ̀ náà máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti ibẹ̀ lọ ni yóò sì máa gùn kíákíá. Okùn kan tó pé ní fọ́nrán 14 tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lọ́ okùn ìdẹ̀kùn.

Ní àwọn ọdún 1970, William Eaton àti James Hofrichter ní Amẹ́ríkà wọn àsìkò ìdúró yìí, èsì rẹ̀ sì yani lẹ́nu: bí hẹ̀mọ́gúlóbìn ṣe pọ̀ tó nínú omi sẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu rẹ̀, pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po ara rẹ̀ ní ìgbà 15 sí 30. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò sọ ọ́. Bí omi inú sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ díẹ̀ sí i, tí ìpọ̀ hẹ̀mọ́gúlóbìn sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín kù, àsìkò ìdúró lè gùn sí i ní nǹkan bí ìlọ́po 5 títí dé ìlọ́po 24. Bí omi bá gbẹ lára sẹ́ẹ̀lì náà ńkọ́, àsìkò yẹn á kúrú ní ìwọ̀n kan náà.

Ẹ wá wò ó pẹ̀lú ìrìn ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, níbẹ̀ ló ti ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa padà sí ẹ̀dọ̀fóró lọ gba òmíràn, ihò tí valine ń wá á sì tún pa dé. Bí àsìkò ìdúró bá gùn ju ìrìn yẹn lọ, sẹ́ẹ̀lì náà ti bọ́. Ibà a máa gbẹ omi ara, òtútù a máa fún iṣan pọ̀ kí ìrìn ẹ̀jẹ̀ lè falẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ṣẹlẹ̀, okùn á hù kí sẹ́ẹ̀lì tó jáde nínú iṣan. Eré ìje ni ọ̀rọ̀ náà láàárín okùn àti ìrìn ẹ̀jẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sá a lára ọmọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi ń wá tí ó fi ń lọ.

Bí ẹ bá sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó máa fún ọmọ lómi mu dáadáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ ń fa àsìkò ìdúró gùn ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń sọ pé "ẹ máa mu omi", n kò sì mọ̀ pé òfin kan tó le tó èyí ló wà nídìí rẹ̀. Mo dúpẹ́ gan-an.

Màmá Àdùkẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi, èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọmọbìnrin mi jẹ́ SS, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ní ilé ìwòsàn kan tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n sọ fún mi pé kò sí ohunkóhun tí a lè ṣe ju oògùn ìrora lọ, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lọ́kàn mi títí di òní. Ìyá mi a máa se gbòǹgbò orin àtà fún un. Mo gbọ́ pé oògùn tuntun kan jáde ní Amẹ́ríkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà. Bí àwọn onímọ̀ bá mọ ibi tí valine ń wọ̀, kí ló dé tí wọn kò kàn dí ihò yẹn?

Apòògùn Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:45 ọ̀sán)

Màmá Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run yóò dá a sí. Ìbéèrè yín kì í ṣe ti aláìmọ̀kan, òun gan-an ni àwọn onímọ̀ ti ń bi ara wọn fún àádọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá yín. Ní ọdún 1971, Abáyọ̀mí Ṣófówọrà àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé omi gbòǹgbò orin àtà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí ìrísí rẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n tú èròjà inú gbòǹgbò náà palẹ̀, lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni vanillic acid, ìbátan fánílà tí a ń fi sínú àkàrà òyìnbó. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ fánílà yìí, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ní Àbújá náà, ilé ìwádìí oògùn ìjọba tí a mọ̀ sí NIPRD mú àgbo ìbílẹ̀ kan, wọ́n sì ṣe é di oògùn tí wọ́n pè ní Niprisan. Ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni wọ́n pò pọ̀.

Dídí ihò náà ṣòro nítorí pé iye hẹ̀mọ́gúlóbìn kọjá àfẹnusọ: nǹkan bí mílíọ̀nù 270 mólékù ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo. Ihò náà sì fẹjú, kò jinlẹ̀, èròjà oògùn kì í rí ibi dì mú níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ wá gbà ni pé kí hẹ̀mọ́gúlóbìn má tètè tú ọ́síjìn sílẹ̀, torí pé ìgbà tó bá tú u sílẹ̀ ni ihò ń ṣí. Fánílínì, èròjà olóòórùn inú fánílà, a máa so mọ́ hẹ̀mọ́gúlóbìn, ó sì ń mú kó di ọ́síjìn mú. Láti inú irú èrò yìí ni wọ́n ti ṣe voxelotor, oògùn tuntun tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, tó ń so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n alífà. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2019. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Pfizer kó o kúrò lọ́jà ní gbogbo àgbáyé, nítorí àkójọpọ̀ èsì fi hàn pé kíráísìsì (ìrora líle tó ń dédé dá aláìsàn wó) àti ikú pọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó ju bó ti yẹ lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Èrò inú mólékù náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ara ènìyàn fẹ̀ ju mólékù kan lọ.

Oògùn tó ti dúró láti ọdún 1998 ni hydroxyurea. Ó ń mú kí ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hẹ̀mọ́gúlóbìn irú ti ọmọ inú oyún, tí kì í bá wọn dá sí okùn yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ọmọ náà nípa rẹ̀. Ẹ má sì fi orin àtà rọ́pò rẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì inú ìgò kì í ṣe ọmọ. Ìtọ́jú tó ń tún àbùdá ṣe, Casgevy, tí Bìrìtìkó fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ń gba ọ̀nà kan náà, àmọ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde ní ọdún 2023. Èmi kò lè kọ iye yẹn kí inú mi má bàjẹ́, nítorí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni àwọn ọmọ SS pọ̀ sí jù lọ láyé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ AlphaFold wọlé. Ní ọdún 2020 ni ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ DeepMind yìí fi hàn pé òun lè wo ètò ásíìdì àmínò lásán kí òun sì sọ bí pùrótéìnì náà yóò ṣe ká jọ. Ní ọdún 2022 wọ́n gbé ìrísí pùrótéìnì tó lé ní mílíọ̀nù 200 síta lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ti wò nínú wọn lórí fóònù mi. Demis Hassabis àti John Jumper gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2024, wọ́n sì pín in pẹ̀lú David Baker tó ń ṣe pùrótéìnì tuntun tí kò sí láyé rí. Ǹjẹ́ a kò lè fi èyí wá oògùn SS?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester (Ọjọ́rú, 8:50 alẹ́)

Àbúrò, inú mi dùn pé o ń lò ó, ojoojúmọ́ ni èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ ká gbé ohun tí kò lè rù lé e lórí. Bí o bá fún AlphaFold ní ẹ̀wọ̀n bẹ́tà tó ní glutamic acid, tí o tún fún un ní èyí tó ní valine, ìrísí méjì tí yóò fún ọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní tòótọ́. Ìyípadà náà kò ba kíká pùrótéìnì jẹ́. Ohun tó yí padà ni bí mólékù kan ṣe ń bá èkejì lò, nínú ọ̀pọ̀ èrò, nínú omi díẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. AlphaFold 3 tó jáde ní ọdún 2024 ti ń gbìyànjú láti fi pùrótéìnì méjì tàbí pùrótéìnì àti oògùn hàn papọ̀, ìlọsíwájú ńlá sì ni. Síbẹ̀, àwòrán ló ń fúnni, kì í sọ iye àsìkò tí okùn yóò fi hù. Ọwọ́ ènìyàn nínú yàrá àyẹ̀wò ló ṣì ń wọn ìyẹn.

Ọ̀nà Baker ni èmi fojú sí jù. Bí ènìyàn bá lè fúnra rẹ̀ ya pùrótéìnì tó bá ojú kan pàtó mu, ihò tó fẹjú tí kò jinlẹ̀ kò ní jẹ́ ìdènà bíi ti tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ní láti rí bí irú pùrótéìnì bẹ́ẹ̀ yóò ṣe wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa.

Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn (Ọjọ́bọ̀, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àpérò. Olùkọ́ béèrè ohun èlò tí ènìyàn ń lò, mo sì ní ohun kan láti sọ. Nídìí òfì ni mo dàgbà sí. Sányán tí a fi ń hun aṣọ àgbà, ọ̀dọ̀ kòkòrò inú igbó ni fọ́nrán rẹ̀ ti ń wá, àwọn kòkòrò náà á kóra jọ hun ilé kan ṣoṣo fún ara wọn lórí igi. Bí wọ́n bá kó ilé náà wálé, wọn á sè é nínú omi eérú kí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá á ran án bí òwú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí: omi eérú yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀ dànù, kí ló dé tí kò yọ́ fọ́nrán náà? Aṣọ sányán bàbá bàbá mi ṣì wà nílé wa, kò ya.

Olùkọ́ Òṣogbo (Ọjọ́ Ẹtì, 7:00 àárọ̀)

Bàbá Ahunṣọ, ìbéèrè yìí mú orí mi wú. Pùrótéìnì ni fọ́nrán àti gọ́ọ̀mù náà, àwọn méjèèjì. Anaphe ni àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò yẹn, ìbátan kòkòrò ṣẹ́dà ti ilẹ̀ Ṣáínà sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jìnnà síra. Gọ́ọ̀mù náà kún fún ásíìdì àmínò tó fẹ́ràn omi, wọn kò sì tò létòlétò, ìdí nìyẹn tí omi eérú fi ráyè wọ àárín wọn. Fọ́nrán gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì alanine àti glycine, àwọn méjì tó kéré jù lọ nínú ásíìdì àmínò. Nítorí pé wọ́n kéré, ẹ̀wọ̀n wọn lè tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó sì sún mọ́ èkejì pẹ́kípẹ́kí, haidirójìn ti ọ̀kan á fa mọ́ ọ́síjìn ti ìkejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi kò ráyè wọ ibẹ̀.

Ìfàmọ́ra haidirójìn kan ṣoṣo kò le, ooru lásán lè já a. Àmọ́ ní ọdún 2010, Markus Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣe àyẹ̀wò okùn aláǹtakùn, wọ́n sì rí i pé bí òkìtì àwọn ẹ̀wọ̀n pẹrẹsẹ náà bá kéré gan-an, ní ìwọ̀n nánómítà díẹ̀, gbogbo ìfàmọ́ra inú rẹ̀ máa ń jọ gba ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan, bí òṣùṣù ọwọ̀ ṣe ń ṣe. Bí òkìtì náà bá tóbi jù, á tẹ̀, ìfàmọ́ra á máa já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń wá fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí: àìlera ẹyọ kan kì í ṣe àìlera àpapọ̀, bí ètò bá wà láàárín wọn. Okùn inú ẹ̀jẹ̀ àti okùn sányán, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester (Ọjọ́ Ẹtì, 1:25 ọ̀sán)

Olùkọ́, mo gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ibi kan kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ má baà ṣì í mú. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú sányán, ẹ̀wọ̀n pùrótéìnì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìfàmọ́ra haidirójìn ló sì gbé e ró. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, mólékù kọ̀ọ̀kan ṣì ká jọ rubutu bó ṣe wà, ó kàn fi ẹ̀gbẹ́ lẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni, ìsá-fún-omi ti valine ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó so wọ́n. Ìdí nìyẹn tí okùn inú ẹ̀jẹ̀ fi ń tú ká bí ọ́síjìn bá padà dé, tí sányán kì í sì í tú. Bí ẹ bá ń wá ìbátan sányán nínú àìsàn, ẹ wo àwọn fọ́nrán tó ń kóra jọ nínú ọpọlọ ẹni tó ní Alzheimer, àìsàn ìgbàgbé. Àwọn yẹn ló tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn yẹn ni kì í sì í fẹ́ yọ́.

Olùkọ́ Òṣogbo (Ọjọ́ Ẹtì, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà, mo sì dúpẹ́. Mo yára jù níbẹ̀. Tú-ká àti àìtú-ká yẹn gan-an ni màá fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:00 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ dídìmú àti títúsílẹ̀ yìí rán mi létí ẹ̀bùn Nobel kẹ́místírì ti ọdún 2025, tí Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi gbà lórí àwọn ohun èlò tí a ń pè ní MOF. Átọ̀mù irin ni igun rẹ̀, mólékù oníkábọ́ọ̀nù sì ni ọ̀pá tó so àwọn igun náà pọ̀, inú rẹ̀ wá ṣófo bí ilé oníyàrá púpọ̀, débi pé gíráàmù díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ojú tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti fi MOF-801 àti MOF-303 fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀. Mólékù omi díẹ̀ tó kọ́kọ́ wọlé á jókòó sí àyè tirẹ̀, àwọn yẹn á sì fa àwọn tó kù mọ́ra, bí oòrùn bá mú un díẹ̀, gbogbo wọn á jáde. Hẹ̀mọ́gúlóbìn náà, bó bá ti gba ọ́síjìn àkọ́kọ́, ìyókù máa ń rọrùn fún un. Ṣé mo fi wọ́n wéra dáadáa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

O fi wọ́n wéra dáadáa. Bí ìdìmú bá le jù, omi kò ní jáde mọ́. Bí ó bá rọ̀ jù, kò ní wọlé nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ìwọ̀n àárín yẹn ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn (Ọjọ́ Àìkú, 3:00 ọ̀sán)

Olùkọ́, mo ní ilé kòkòrò sányán méjì tí wọn kò tíì sè. Ọmọ mi kan ń bọ̀ ní Òṣogbo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá fi rán an sí yín. Ẹ sè ọ̀kan nínú omi eérú, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ ara wọn fa á wò. Kí Màmá Àdùkẹ́ sọ fún wa bí dókítà bá ti fún un lésì.

Màmá Àdùkẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́)

Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà, bàbá. Mo ti kọ orúkọ hydroxyurea sínú ìwé. Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ nípa eré ìje yẹn, ó sì ti gbé ike omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.